Tiwa Ti Dé, Ara Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò dáa. Mo ń fún Tiwa, ọmọ-ọmọ mi, ní ìrẹsì nílé mi ní Gwarinpa, l'Ábùjá, ló bá sùn lọ lójijì, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo pè é, mo mì í, ó kàn ń kùn ni. Ìka ni mo fi yọ ìrẹsì náà.

Bùsọ́lá ọmọ mi ló mú un wá láti Kánádà kí ó lè mọ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, inú fóònù nìkan ló sì ti ń rí mi. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí ó fẹ́ràn mi kí wọ́n tó padà lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dé, bí ilẹ̀ bá ṣú lojú rẹ̀ ń là, á máa sá kiri pálọ̀, á máa bèèrè oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á wúwo, inú á máa run ún, á sì máa ti ọwọ́ mi dànù. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo ní òògùn tèmi: ẹ̀yìn mi. Ibẹ̀ nìkan ni Tiwa kì í kọ̀. Bó bá ti sùn síbẹ̀ láàárọ̀, n kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jí i jọ̀ọ́," Bùsọ́lá á ní. "Oorun ọ̀sán yìí ti pọ̀ jù."

"Ta ló ń jí ọmọ tó ń sùn? Ojú oorun lọmọ ti ń dàgbà."

Màá fa kọ́tìnì, màá pa tẹlifíṣàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wa, ẹnu géètì ni mo ti ń dá wọn padà.

Lọ́jọ́ ìrẹsì yẹn, mo sọ pé ibà ló ń ṣe é. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Wuye. N kò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ níwájú àwọn tó ń dúró de dókítà, Tiwa ń sùn lẹ́yìn mi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí nǹkan má ṣe ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n gún un níka láti gba ẹ̀jẹ̀, ó ké "Mọ́mì!" Èmi náà sunkún.

Kò sí ibà. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò ju Bùsọ́lá lọ, rẹ́rìn-ín, ó sì kí mi lédè Haúsá. "Sànnu, Màmá. Ọmọ ti dé Àbújá, aago ara ẹ̀ ló ṣì wà ní Kánádà."

Ó là á yé wa pé ara ní aago tirẹ̀ tó ń sọ ìgbà oorun àti ìgbà ebi fún un. Bí bàálù bá yára gbé èèyàn lọ síbi tó jìnnà, aago yẹn kì í tètè yí. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń yí i. Ká jí ọmọ láàárọ̀, ká mú un síta, kó jẹun lásìkò tiwa, kó sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ká sì jí i. Bó bá lajú lóru, ká má tan iná, ká má fún un ní fóònù. Ó ní a ṣe dáadáa tí a wá, nítorí ibà kì í ṣe ohun tí à ń fojú dá.

Ó wá kọjú sí mi. "Màmá, ẹ má pọ̀n ọ́n lọ́sàn-án mọ́ o."

Kí n má pọ̀n ọmọ-ọmọ mi! Inú ń bí mi títí a fi délé. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Èmi ni mo ń jí i láàárọ̀, èmi ló sì ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. "Go away, Grandma!" ni kíkí tí mo ń gbà. Màá gbé e tòun tigbe sábẹ́ oòrùn, a ó máa lé aláǹgbá kiri ẹsẹ̀ ògiri. Lọ́jọ́ kan á sùn dáadáa lóru, lọ́jọ́ kejì á tún fi wá ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọwọ́ mi kò rí nǹkan ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn mi ṣófo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó jẹun tán, Tiwa wọ yàrá mi lọ. Ó wọ́ ìró mi jáde nílẹ̀, ó fi ọwọ́ kékeré yí mi padà.

"Màmá, pọ̀n mí."

A kò kọ́ ọ. Mo wo Bùsọ́lá bí ẹni ń tọrọ ààyè.

"Ilẹ̀ ti ṣú, Màmá," ó ní. "Ẹ pọ̀n ọ́n."

Kí n tó so ìró tán, ó ti sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ láti òkèèrè, ẹ ní sùúrù: bàálù lè gbé ọmọ dé lọ́jọ́ kan, ara á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Tiwa náà ti dé, ó sì bá mi nílé. Orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.