Àtẹ̀gùn Mẹ́fà Kí Èèyàn Tó Jẹ Ìrẹsì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú tí kò ka èèyàn sí, ẹ má wulẹ̀ wo títì rẹ̀, ẹ má wo ọjà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Èmi alára kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọgbọ̀n ọdún ni mo sì fi mọ àtẹ̀gùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kiri ìlú Ọ̀yọ́ láì bèèrè ẹni tó máa gùn ún. Onílé á ní, “Ẹ gbé e sókè dáadáa, kí wọ́n mọ̀ pé a kọ́lé.” Èmi náà á gbé e sókè. Bó bá ṣe ga tó ni inú àwa méjèèjì ṣe máa ń dùn tó, bí ọmọdé tó gun igi máńgòrò.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló là mí lójú. Ọkadà ló gbá a ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́ láti ìgbà náà. Àga onítáyà ló ń lò. Ó ti parí ìwé olùkọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, ilé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju bíléèdì lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n jókòó.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹnì kan wà.”

“Ẹni wo?”

“Olùkọ́ ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ká wá ríra, ká jọ jẹun níta bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe.”

“Ṣé ó mọ̀ pé…” Ojú mi ti bọ́ sára táyà kí n tó lè dá a dúró.

“Ó mọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ ò tíì mọ̀.”

Ó ní ìyá òun ti fárígá pé òun ò gbọdọ̀ lọ bí èmi ò bá tẹ̀lé òun, nítorí a kì í fi ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ọkùnrin láìsí àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ti gbà. Ṣùgbọ́n òun náà ní àdéhùn tòun.

“Ẹ bá mi wá ibi tí mo lè fi ọwọ́ ara mi wọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé mi bí àpò sìmẹ́ǹtì lójú ọkùnrin yẹn, ilé ni mò ń padà bọ̀ tààrà, mi ò sì ní í jáde tọ ẹnikẹ́ni lọ mọ́ láyé mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa rí mi, kó rí i pé èmi ni mo gbé ara mi wọlé.”

Mo ní kò le. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rù ti bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù àtẹ̀gùn, ẹ̀rù ojú èèyàn ni. Kí n má purọ́: láti ọdún mẹ́fà, bí mo bá bá ọmọ yìí jáde, mo máa ń síwájú díẹ̀, bíi pé ibi tí mò ń lọ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kí mi lọ́nà, mo máa ń bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dórí ewúrẹ́, títí ọmọ náà á fi kọjá. Mo lè dúró lórí pákó lókè ilé alájà mẹ́ta kí n máa súfèé. Ojú ìyá oníbúrẹ́dì kan ṣoṣo ló ń lé mi sá.

Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo lọ wò ní Ọ̀yọ́, gíláàsì ni iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀, táìsì rẹ̀ sì ń dán débi pé mo rí irun imú mi nínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́fà. Àtẹ̀gùn mẹ́fà kí èèyàn tó jẹ ìrẹsì àti adìyẹ! Ọ̀gá ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó fi táì fún ara rẹ̀ lọ́rùn, jáde wá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọmọ kan tó ń lo àga onítáyà.”

“Kò sí wàhálà, Bàbá. A ní àwọn géńdé níbí. Wọ́n á gbé wọn.”

“Kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun.”

Ó wò mí bíi pé mo ní ọmọ náà kò fẹ́ iyọ̀ nínú ọbẹ̀. “Bàbá, ọ̀fẹ́ ni o. A kì í gbowó fún gbígbé.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀fẹ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ibi kejì ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀nà tó dára, tí ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n to ìkòkò òdòdó mẹ́ta sí, pẹ̀lú ọkadà kan, mẹ́gáàdì sì gbé bẹ́ǹṣì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

“Àwọn wo lẹ ṣe ọ̀nà yìí fún?”

“Àwọn tí kò lè rìn ni, Bàbá.”

“Kí ló dé tí ẹ fi dí i?”

“Wọn kì í wá síbí.”

Ẹ gbọ́ o! Ó jókòó sórí ọ̀nà wọn, ó ń ju èèpo ẹ̀pà sí i, ó ní wọn kì í wá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, tí á wá máa ráhùn pé ẹbí kò mọ ilé òun.

Ẹ̀kẹta, òtẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ní àwọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tiwọn lẹ́yìnkùlé. Mo ti ń tijú pé ojú nìkan ni mo fi ń wo nǹkan, ni mo bá yá àga ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kò tíì dé. Kò sí ibi ìjókòó níwájú ilé wọn, orúnkún mi sì ń ro mí, ni mo bá jókòó sínú àga náà lẹ́bàá títì. Àwọn èèyàn ń ti mọ́sálásí bọ̀. Ìyá arúgbó kan yà sọ́dọ̀ mi, ó fi owó tó ká lé mi lórí itan.

“Ọlọ́run á tú yín sílẹ̀, Bàbá.”

“Ìyá, ara mi le o. Mo kàn jókòó ni.”

“Àmín! Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa rí.”

Ó ti ń lọ. Mo dìde fùú kí n lè dá owó rẹ̀ padà. Obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí mi bí mo ṣe dìde, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ké “Aláhù Akúbárù!” tí gbogbo títì fi yíjú. Kíá ni mo tún jókòó padà. Mo ṣì ń dá ara mi lẹ́bi nítorí ìjókòó yẹn títí di òní.

Nígbà tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dé, a lọ sẹ́yìnkùlé. Ibi tí wọ́n ń ti kíréètì bíà gbà wọ ilé ìdáná ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó sì dàgẹ̀rẹ̀ bí òrùlé. Bíríkìlà tó lójú yẹ kó mọ̀ láì gùn ún. Èmi jókòó, mo fi ọwọ́ yí táyà. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dé àárín. Lẹ́ẹ̀kẹrin, apá mi kọ̀ fún mi, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí padà sẹ́yìn. Mo ké “Yéè! Ẹ gbà mí o!” Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì bọ́ sápá kan. Kíréètì bíà ló gbà mí.

Ó wá ń gbọn eruku aṣọ mi. “Ẹ ò rí i, Bàbá? Táyà yín yí dáadáa níbẹ̀.”

Mo padà sílé, mo ní Ọ̀yọ́ ti tán. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ owó sàráà, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú.

“Ẹ̀yin tilẹ̀ rí tiyín gbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn tó ti ṣàdúrà fún mi láti ọdún mẹ́fà kò lóǹkà, Bọ̀ọ̀dá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wó àtẹ̀gùn.”

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ náà fóònù pé òun ti rí ibì kan nítòsí Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ àti títì dọ́gba, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, òun sì ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbà á gbọ́. Kí ni olùkọ́ mọ̀ nípa ilẹ̀ tó dọ́gba?

A háyà mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, a ká àga sínú bùútù, a sì dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láti wá àléébù. Wọ́n ti da kọnkéré bo gọ́tà. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀. Ìdènà omi òjò kan tí kò ga ju ìka méjì lọ ló wà níbẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí nǹkan kan bú. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ti kúrò ńlẹ̀, ó ku ti ọkùnrin. Òun ni mo rí lọ́ọ̀ọ́kán nínú ilé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí irun ti ń sá lórí rẹ̀, ó dúró ti tábìlì. Kò jáde wá pàdé wa. Ọmọ náà ló ti kìlọ̀ fún un pé kó dúró sínú.

Ibẹ̀ ni a wà tí onílé oúnjẹ náà fi yọ, obìnrin tó sanra kan nínú léèsì.

“Ẹ káàbọ̀ o, ará Ọ̀yọ́! Ẹ ò ní í jókòó sísàlẹ̀ yìí láéláé. Àwọn ọlọ́kadà ló ń jẹun níbí. Mo ti tún VIP ṣe fún yín!”

Ó nawọ́ sókè. Òkè ni VIP wà. Láyé wa ńbí, àlejò tí a bá fẹ́ bọlá fún, a gbọ́dọ̀ gbé e ga ju ọmọ aráyé tó kù lọ, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Olùkọ́ náà ti sọ fún un pé àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ibi tó ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ọlọ́kadà mẹ́rin fò dìde nídìí iyán, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n ká apá aṣọ.

“Ẹ jẹ́ ká gbé wọn! Ìwọ mú ẹsẹ̀!”

Ọmọ náà ṣì wà níta ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí táyà. Ojú rẹ̀ yí. Gbogbo nǹkan tí mo torí rẹ̀ yí gbirigbiri wọ inú kíréètì ló fẹ́ bàjẹ́ níṣojú mi, èmi ni àgbà tí wọ́n ní kó tẹ̀lé e, èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Ẹ mọ ohun tó jáde? “Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù sí i.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Ojo kò ní ìran.

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí.”

Ọmọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì pariwo. Àwọn ọlọ́kadà dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

“Ọmọ mi,” obìnrin náà ní, “ọlá la fẹ́ fi fún ẹ.”

“Ẹ ṣé, Mà. Ẹ bá mi gbé ọlá náà wá sísàlẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ní, “Àǹtí, a ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ jábọ́. Fíríìjì tó wà lókè yẹn, èmi ni mo gbé e.”

“Ṣé fíríìjì náà sọ fún yín pé òun ò lọ?”

Ẹ̀rín pa àwọn tó kù, wọ́n padà sídìí iyán wọn. Ọmọ náà yí àga padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó fa táyà méjèèjì. Ìdènà omi náà kọ̀. Ọwọ́ mi ti ń nà.

“Bọ̀ọ̀dá.” Kò tilẹ̀ wò mí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Ó sún síwájú, ó mí kanlẹ̀, ó tún fà á. Táyà ré e kọjá. Ó yí àga, ó yí i lọ sídìí tábìlì. Olùkọ́ náà kàn gbé àga oníke kan kúrò lápá ibẹ̀ kí àyè lè gbà á.

“O dé.”

“Mo dé.”

Onílé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ lókè láti àárọ̀, òun ti tẹ́ tábìlì, ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀? Ọmọ àbúrò mi wò mí. Mo mọ ìwò yẹn.

“Bọ̀ọ̀dá mi ni, Mà. Àwọn ni àgbà.”

Bí wọ́n ṣe lé mi kúrò nídìí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni mo kà, kò sí méjì tó ga dọ́gba, kò sí irin tí èèyàn lè dì mú. Kí Ọlọ́run dárí ji bíríkìlà tó mọ ọ́n, bí kì í bá ṣe ọmọ iṣẹ́ mi ni. Mo sinmi lórí ìkẹjọ. Lókè, òdòdó oníke tí eruku bò, àga tí wọn kò tíì bọ́ náílọ̀n lára rẹ̀, òtútù bí ilé òkú. Mo dá jókòó nídìí tábìlì ẹni mẹ́fà, mo ń gé iyán bí ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè. Ẹ̀rín ọmọ náà ń gòkè wá bá mi. Kì í ṣe irú èyí tó fi máa ń rín mi.

Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo dé orí àtẹ̀gùn, orúnkún mi ọ̀tún há. Mo wo ìsàlẹ̀, ó jìn bí kànga. Mo padà sẹ́yìn. Mo tún jáde. Ọlọ́kadà onífíríìjì rí mi.

“Bàbá, ṣé ká wá gbé yín ni?”

“Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o!” Ọmọ àbúrò mi ló ké bẹ́ẹ̀ látìdí tábìlì. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn sọ̀kalẹ̀.”

Ni mo bá fi ìdí jókòó, tèmi ti aṣọ funfun mi, mo ń fi ìdí sọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọlọ́kadà mẹ́rin ń bá mi kà á sókè: “Ẹ̀kẹta! Ẹ̀kẹrin!” Onílé oúnjẹ fi gèlè bojú. Ọmọ náà ń wò mí láìṣẹ́jú, ó ń jẹ ẹran. Olùkọ́ náà nìkan ni kò wò mí. Ó kọjú sí ògiri, ó ń ka kàlẹ́ńdà, ó kà á bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àga oníke kan sí mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo jókòó. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.