Àáfáà Tó Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Ìta

Tí mo bá ti gbúròó tẹ̀sùbáà, Àáfáà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní GRA ni mo máa ń rántí. Ibẹ̀ ni èsì ìdánwò gbogbo wà, ojoojúmọ́ sì ni àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń méfò páswọ́ọ̀dù kí wọ́n lè wọlé. Àáfáà ṣètò pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn fún wákàtí kan. “Onílé kì í ṣi orúkọ ara rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta,” ló máa ń wí.

Àfi lọ́jọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, tí àwọn òbí ń dúró de èsì. Àáfáà tẹ páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, “Olè wa ti dé o. Àáfáà, ẹ kúkú fo fẹ́ǹsì yín wọlé.”

Ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ó jókòó sórí ẹní. “Ibi tí èmi bá ti lè fò ó, olè náà á fò ó.”

Bàbá kan tó ń kùn jù bi mí pé, “Ṣé olè ò ní í wọbẹ̀ lọ yí máàkì ọmọ mi báyìí?”

Mo nawọ́ sí Àáfáà. “Onílé gan-an rèé, kò ríbẹ̀ wọ̀.”

Bàbá náà wò ó títí, ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í. Ó ní kí wọ́n yá òun ní tẹ̀sùbáà.