Omi Tí Bàbá Onílé Fi Ń Gba Ayálégbé

Omi ẹ̀rọ kò yọ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, la bá pe mẹ́ruwà. Ọmọkùnrin náà ti ọmọlanke rẹ̀ wá síwájú ilé wa ní Wuye, ó gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn kan sì fẹ́ sí mi nímú. Kò pọ̀. Ẹlòmíràn lè má gbọ́ ọ rárá. Epo ọkọ̀ ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà rí, wọ́n kàn fi omi ṣàn án ni. Mo ní kó má dà á o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mama, na small smell, e no dey do person anything.” Mo ní kó gba owó rẹ̀, kó máa gbé omi rẹ̀ lọ. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní “kai,” ó sì yí ọmọlanke rẹ̀ padà. Mo bá jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àgbàlagbà tí mo ti rí ayé, òórùn kẹ́ẹ̀gì lásán fẹ́ gbé mi ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Abuja yìí, tó jẹ́ pé àpáta lẹ ń rí lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí etí ọ̀sà díẹ̀. Ẹ̀yìn Àpápá ní Èkó la gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ilé-iṣẹ́ ló yí wa ká. Ọ̀kan ń lọ ìyẹ̀fun, òmíràn ń ṣe ọṣẹ, òmíràn ń kó ẹja sínú yìnyín, lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn táǹkì epo ràgàjì-ràgàjì wá tò sí etí omi. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo irun ojú rẹ̀ á ti funfun, ìyá mi á ní kó dúró níta kí òun gbọn ọkọ òun jáde látinú ìyẹ̀fun ná. A kò ní aago nílé. Fèrè ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ló ń jí wa, fèrè ilé-iṣẹ́ ẹja ló ń sọ fún wa pé ọ̀sán ti pọ́n, bí ọkọ̀ ojú omi bá sì fọn tirẹ̀ lójijì, àwo á máa mì lórí pẹpẹ. A máa ń sùn fọnfọn nínú ariwo náà. Ìgbà tí a lọ kí ìyá bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn ni n kò rí oorun sùn, nítorí pé gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n fún wa ni omi tó ṣeé mu. Ọ̀sà ti sún mọ́ wa jù. Kànga tí èèyàn bá gbẹ́, omi iyọ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bá fi sè á sì le bí òkúta. Àfi kànga ilé wa. Bàbá Onílé wa gbẹ́ kànga jẹun kí ó tó darúgbó, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ káàkiri kó tó kan ibì kan lábẹ́ igi àgbọn tí omi ibẹ̀ dùn. Ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọrùn fún un, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó sì ń gbá àyíká rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé gan-an kò dára tó ìyẹn. Yàrá kọjú sí yàrá, páànù ń jò, eruku tírélà sì ń wọ inú ọbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wá yàrá síbẹ̀ nítorí kànga.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá wo yàrá, Bàbá Onílé kì í kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ owó. Á ní kó jókòó, á ké sí Ráfátù, ọmọ ọmọ rẹ̀, pé kó bu omi wá nínú igbá. “Mu ún ná,” ni yóò wí. “Bí omi mi bá bá ọ lára mu, a lè jọ gbé.” Ìyá mi sọ fún mi pé bàbá mi ṣì gbójú sókè, ó ń wo ihò tó wà lára páànù, nígbà tí òun ti gbé igbá kalẹ̀ tí òun sì ń dúpẹ́ pé àwọn ti gba yàrá.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ráfátù, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ kò sì padà dé, nítorí náà ọwọ́ bàbá àgbà ló wà. Òun ló ń tọ́jú okùn àti korobá kànga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju korobá tirẹ̀ síbẹ̀, ì báà hewú lórí. Ráfátù á fọwọ́ lé ìbàdí ní ẹ̀gbẹ́ kànga, á ní, “Ìyá Bísí, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó dúró síbí.” Ìyá Bísí, tí ara rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, á sì lọ fọ ẹsẹ̀. Èmi ni mò ń bá a ká okùn. Kò sí ohun tó wù mí nígbà náà ju kí n jẹ́ Ráfátù lọ.

Ìparí òjò ọdún kan ni òórùn náà bẹ̀rẹ̀ nínú omi kànga wa. A rò pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ kẹrosíìnì kan korobá, Ráfátù sì fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Òórùn kò lọ. Lẹ́yìn náà la rí àwọ̀ lójú omi, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, tó ń yí lọ́ra-lọ́ra bí oòrùn bá ràn sí i. Inú àwa ọmọdé dùn. A ní òṣùmàrè ti wá ń gbé inú kànga wa, a sì ń pe àwọn ọmọ ilé kejì wá wò ó. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ọkùnrin kan bu ojú omi kànga rẹ̀ sínú àtùpà, àtùpà náà sì jó. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ̀ pé kẹrosíìnì ọ̀fẹ́ ti dé. Bàbá mi, tó mọ àdúgbò náà dáadáa, kàn wo ìhà ibi tí táǹkì wà, ó sì mi orí.

Bàbá Onílé ní kò kan kànga tòun. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun àárọ̀ tán, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga níbi tí gbogbo ayálégbé ti lè rí i, á bu omi kún ife, á gbé e mu tán, á sì na ife náà sókè. “Ṣé mo kú?” Ráfátù á dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á mu tirẹ̀, á nu ẹnu, á sì wò wá yíká bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa bá jà.

Ta ló fẹ́ là á yé e pé omi rẹ̀ ti bàjẹ́? Bàbá tó ń fi omi gba àlejò kí ó tó gba owó ilé, tó ń wo ọmọ wa bí ọmọ rẹ̀, tí kì í lé ayálégbé jáde bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Gbígbé omi rírà wọ ilé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí èèyàn bú u. Ni àwọn àgbà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí fi omi pamọ́. Ìyá mi máa ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní ìkóríta, á gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n, á fi aṣọ tó fọ̀ bò ó lórí. Ìyá Bísí ní tirẹ̀ a máa pọn kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn, á fi ìborùn dì í bí ọmọ. Bàbá Onílé á kí i kú ọmọ, á ṣàdúrà pé Ọlọ́run á wò ó, òun náà á sì ṣe àmín kíkankíkan, tí omi á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i nínú yàrá wa títí ikùn fi ń dùn wá. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, gbogbo ilé á tò sí kànga, kálukú á gba omi rẹ̀ lọ́wọ́ Ráfátù, á dúpẹ́, á gbé e gba ẹ̀yìn ilé, á dà á sí gọ́tà. Ìbọ̀wọ̀ fágbà ni. Bàbá Onílé ń rí i tí korobá ń lọ tó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé gbogbo wa ni à ń mu ún.

Ráfátù bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ara ń yún un, inú ń run ún, kò sì lè sáré dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Mo fi ife omi tiwa pamọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà. “Bí n kò bá mu ti Bàbá, wọ́n á ní lóòótọ́ ni.” Mo lọ bá ìyá mi, mo ní, “Màmá, ẹ sọ fún Bàbá Onílé.” Ó ní àwọn àgbà ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Lóòótọ́, wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú yàrá wa, nínú yàrá Ìyá Bísí, wọ́n ń ti iṣẹ́ náà síra wọn lọ́rùn, kálukú ní ẹnu òun kọ́ ló yẹ kó ti jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ilé wa fọ́fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ráfátù mu tirẹ̀ dé ìdajì, ó sì bì. Ó bì títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Onílé ń nu ẹnu fún un, ó ní ibà ni, ó ní kó mu sí i kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ó ti bu ife mìíràn. Mo figbe ta. Ìyá mi wọ yàrá lọ, ó fa kẹ́ẹ̀gì jáde lábẹ́ ibùsùn, ó sì gbé e gba àárín ilé kọjá lójú gbogbo èèyàn láì fi nǹkan kan bò ó. Ó bu omi náà sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

“Ẹ fún un ní èyí, Bàbá.”

“Níbo lo ti pọn ọ́n?”

“A rà á ni, Bàbá. Gbogbo wa la ń rà á.”

Bàbá Onílé gbójú sókè. Ó wo Ìyá Bísí, ó wo bàbá mi, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú sì ń wolẹ̀. “Láti ìgbà wo?” Ó wo Ráfátù. “Èmi àti ọmọ yìí nìkan ni?” Ó gba igbá náà, ó gbé e sí ọmọ lẹ́nu, omi sì ń dà sí i láyà.

Bàbá mi ló gbé Ráfátù lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, ó mú un lọ nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Mo dé, mo pe orúkọ rẹ̀ yí ilé ká. Àwọn èèyàn láti ilé-iṣẹ́ tó ni táǹkì wá bu omi sínú ìgò, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀, a kò rí wọn mọ́. Bàbá Onílé fi sìmẹ́ńtì bo kànga náà. Kò bínú sí wa, ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ṣíwọ́ bíbá wa sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú ìkíni wa. Kálukú ń kó lọ díẹ̀díẹ̀, àwa náà kó lọ sí Agége. Títí di òní, ará Abẹ́òkúta tí mo bá pàdé, mo ń bi í léèrè Ráfátù. N kò mọ̀ bóyá ó yè.

Ayé ti yí. Ẹnikẹ́ni kì í fi omi gba ayálégbé mọ́; ẹ̀yin ń rí yàrá lórí fóònù, ẹ sì lè gbé ọdún méjì láì mọ ojú onílé. Èyí tí kò yí ni pé a ṣì mọ bí a ṣe ń dákẹ́ tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. Mo bínú sí àwọn tó jẹ́ kí epo jò, mo ṣì ń bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn dáadáa tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n fẹ́ràn Bàbá Onílé dénú, ni wọ́n ń wò ó tó ń bu omi náà fún ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń kí i pé ó ṣeun.

Lánàá, nídìí oúnjẹ, ọmọ ọmọ mi tó kéré jù tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó fajú ro, ó ní, “Grandma, ọbẹ̀ yìí ti salty jù.” Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọmọ náà bá ní, “Sorry, Grandma, ó dùn,” ó sì tún gbé ṣíbí. Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Sọ ti àkọ́kọ́.”