Téèpù Aránṣọ Lórí Ilẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni aránṣọ yìí fi tọ́jú owó ilé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ti ń du àyè. Nígbà tí onílé ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí, ilé méjì ni owó rẹ̀ ká, iye kan náà ni wọ́n sì ń ta méjèèjì.

Àkọ́kọ́ ń dán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, táìsì rẹ̀ mọ́ bí àwo, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti yan yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Ìkejì ti gbó: páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri ẹ̀yìn lanu, yàrá kan kò tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn.

"Èyí tó ń dán yìí ni mo fẹ́," ni aránṣọ sọ fún àjẹ́ńtì tó ń mú wọn kiri. Iṣẹ́ tó parí dáadáa kì í pẹ́ wọ̀ ọ́ lójú.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ àlòkù, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń wò?"

"Aṣọ ni. Ìránṣọ kò ṣòro, mo lè tú u kí n tún un rán."

"Ó dáa. Ẹ tú ilé yìí. Kí ló kù sí yín lọ́wọ́?"

Aránṣọ fa téèpù yọ lọ́rùn, ó mú ẹfun tó fi ń sàmì sáṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ara ògiri tó ń dán dé ọgbà, téèpù kan àbọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹ̀yìn ilé tó gbó, ó wọn ilẹ̀ ibẹ̀ títí ẹfun fi tán.

Àjẹ́ńtì wo aago. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ dáṣọ fún ilẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ mọ bí aṣọ náà ṣe tó ni."

"Ọ̀dà àti táìsì lẹ fẹ́ sanwó fún lọ́hùn-ún," ni bíríkìlà wí. "Ọdọọdún ni wọ́n á máa gbó. Níbí, ilẹ̀ lẹ máa rà, ọ̀nà sì ti dé ẹnu rẹ̀. Mo wo ìpìlẹ̀, ó dúró. Àtúnṣe pọ̀ o, mi ò ní purọ́."

Èyí tó gbó ló rà.

"Màámi, ṣé orí ilẹ̀ la máa sùn ni?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

"Yàrá kan ò jò. Ìwọ lo ni ín."

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, ó da ọ̀rá bo aṣọ àwọn oníbàárà. Odidi oṣù kan ni ọmọ náà fi di kùnrùngbùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ta òwú pupa yí wọn ká.

"Yàrá mi nìyí, tí owó bá dé."

Aránṣọ wò ó yípo.

"Igun yìí wọ́," ló wí. "Tú u, kí o tún un ta."