Ìwé Tí Mo Kà Lẹ́yìn Ọgbà Zana

Ní ọdún tí ogun àwọn òyìnbó le jù, ìwé ni àwa obìnrin Yorùbá mélòó kan ní Doka, nílẹ̀ Hausa, fi ń tu ara wa nínú. Iyọ̀ ti wọ́n, kẹrosíìnì ti wọ́n, aṣọ tuntun ti di ohun tí à ń fojú rí lára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ènìyàn ti rà sílẹ̀ kí ogun tó dé, bí ikán kò bá ti jẹ ẹ́, ó wà níbẹ̀. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a sì jẹun tán, a ó jókòó sábẹ́ igi dọ́ńgóyárò iwájú ilé mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó kà.

Ìyàwó olùkọ́ kan wà láàárín wa tó fẹ́ràn ìtàn ayé ogun àtijọ́. Òun ló yá mi ní ìwé obìnrin aláró kan tí ogun lé kúrò nílùú, tó ń gbé ìkòkò aró rẹ̀ kiri láti ahéré dé ahéré, tó ń wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí. Ní tèmi, ìwé ọ̀daràn ni mo fẹ́ràn: ta ló pa lágbájá, ta ló ń purọ́, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ mi, àwọn èrò a sì máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sórí ìjókòó. Aládùúgbò mi, ará Ìlọrin, ìyàwó oníṣòwò obì, kì í ka ìwé wa. Kùránì ni ó ń kà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìtàn ń dùn mọ́ tó o. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, á ti na ọwọ́ sókè: "Dúró ná, ìyàwó! Ta ló wá pa á?"

Ọmọbìnrin mi, tó ti ń kọ́ ìwé kíkà nílé-ẹ̀kọ́, ní ìwé tirẹ̀. Òun ni ẹyọ kan tó ṣẹ́kù fún mi lẹ́yìn àwọn tí mo ti sin. Ìwé ọmọdé ni, ìtàn ewúrẹ́ kan tó bẹ̀rù òjò, tó ń wọ ilé onílé kiri, tí wọ́n sì ń lé e jáde níbi gbogbo. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Bí mo bá ti ṣí i dé ìparí, ọmọ mi á ti di orúnkún mi mú, á fi Hausa tó kọ́ lójúde sọ pé, "Ƙara, Màmá!" pé kí n tún un kà. Mo máa ń bínú nígbà mìíràn, mo máa ń ní ẹ̀wà wà lórí iná.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ooru ọdún náà kò fi ọrùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ tí àwọn Hausa ń pe àrùn tó ń gan ọrùn, sankarau. A gbọ́ pé ó ti dé ẹ̀yìn ọjà, a gbọ́ pé ó ti dé bárékè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọmọ mi ní orí ń fọ́ òun, kò sì fẹ́ kí n ṣí fèrèsé, pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà Jọ́ọ̀sì. Mo sáré pe ará Ìlọrin. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà, ó gbìyànjú láti tẹ orí rẹ̀ síwájú. Orí náà kò tẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Ìyàwó," ni ó wí, "gbé e ká lọ."

Wọn kò gba àwọn alárùn náà sí ọsibítù. Wọ́n ti kọ́ àwọn bùkà, àgọ́ koríko, sí ẹ̀yìn ìlú, lápá odò, wọ́n fi zana, ẹní koríko gíga, ṣe ọgbà yí wọn ká. Wolé-wolé méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Hausa kan tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn jáde wá, ó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ẹrù, ó sì yí padà. Mo tẹ̀lé e. Wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Haƙuri, Màmá," ni ọ̀kan nínú àwọn wolé-wolé wí, pé kí n ṣe sùúrù. "Ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í wọlé."

Mo kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Ẹ kà mí mọ́ wọn. Ẹ sọ pé ó ti mú èmi náà. Kò burú, ẹ jẹ́ n wọlé."

Bàbá náà gbé ọmọ wọlé ó sì padà wá. Ó rí i pé mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí òrùlé bùkà kan ti yọ sókè. "Abẹ́ ìyẹn ni ó wà. Bí o bá sọ̀rọ̀ láti ibí, yóò gbọ́ ọ."

Mo lọ dúró níbẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é, mo tún pè é. Kò sí èsì, àfi ìkérora ènìyàn tí n kò mọ̀. Mo gbàdúrà títí àdúrà fi tán lẹ́nu mi. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo tún lè sọ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewúrẹ́ náà. Mo fi ohùn òkè sọ ọ́ bí ẹni ń polówó. Mo sọ ọ́ tán, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ohùn obìnrin kan ti inú koríko wá, ohùn tó ti rẹ̀ pátápátá, ní èdè wa: "Ìyá ọmọ, ṣé ewúrẹ́ náà padà délé?"

Mo ní, "Ó délé, ìyá mi."

Ó ní, "Ọpẹ́ ni."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kàwé lẹ́yìn ọgbà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé aláró náà lọ́wọ́. Ọkùnrin kan láti inú fi Hausa bèèrè ohun tí mò ń sọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìwé kan ní Yorùbá, kí n tó fi Hausa ọjà tí mo gbọ́ túmọ̀ rẹ̀. Hausa mi kò tọ́, wọn kò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dánu dúró, ẹnìkan á ní, "A ci gaba," pé kí n máa bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo mú ìwé ọ̀daràn kan wá, ti ọlọ́rọ̀ tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú kànga ilé ara rẹ̀. Mo mọ ẹni tó pa á, mo ti kà á tán tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó tán. Mo ń fi ìbéèrè kún un, mo ń dá ẹlẹ́rìí tí kò sí nínú ìwé sílẹ̀. Ó ti wọ̀ mí lórí pé níwọ̀n ìgbà tí ìtàn náà kò bá tíì parí, ọmọ mi kò lè kú. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni, síbẹ̀ mo dì í mú.

Àárọ̀ ló burú jù. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àwọn tó ti kú jáde nínú ẹní. Èmi àti àwọn ìyá mìíràn tí ọmọ wọn wà nínú ọgbà á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ó máa wo gígùn ẹní. Bí ẹní bá gùn, tó jẹ́ ti àgbàlagbà, a ó mí, ojú á sì tì wá pé a mí. Ní ọjọ́ kan mo bèèrè obìnrin tó fẹ́ mọ̀ bóyá ewúrẹ́ délé. Bàbá Hausa náà ní, "Má dúró de ìyẹn mọ́."

Ọkọ mi ti Jọ́ọ̀sì dé, ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ètè mi ti bó. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Ìwé lò ń kà?" ni ó bi mí. "Ọmọ mi ń kú, ìwé lò ń kà?"

Mo ní, "Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ sọ ọ́, n ó ṣe é."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi fìlà bo ojú. Nígbà tí ohùn mi há pátápátá, ará Ìlọrin tó gbé kunu, ògì jéró mímu, wá fún wa ló bọ́ sí ipò mi. Ó sọ ìtàn aláró náà látorí. Ó fi ràkúnmí kún un, ó sọ ọkọ aláró di ará Ìlọrin. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín láti inú ọgbà.

Oògùn oníhóró funfun kan dé láti Èkó, wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ tó dé, ẹní dínkù lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sán kan bàbá Hausa náà gbé ọmọ mi jáde. Egungun àti ojú ni. Mo gbá a mọ́ra, mo ń sunkún, mo ń sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ṣé o gbọ́ mi? Ojoojúmọ́ ni mo ń kàwé fún ọ. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo nǹkan àjèjì. Ó wá fi ohùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ sọ pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò wá. Mo ń retí yín, ẹ ò wá."

Dókítà òyìnbó tó ń bojú tó ọgbà náà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí ọmọ náà, ọmọ kò yí padà. Ó ní àrùn náà ti gba etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn ọgbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ àyàfi òun.

N kò gba ohun tí dókítà sọ. Mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Mo gba omi wàláà, èyí tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì, lọ́wọ́ àfáà tí ará Ìlọrin mú mi lọ bá, mo fi bọ́ ọ lójú, mo fún un mu. Ẹnìkan ní kí n máa yọ́ òrí sí etí rẹ̀, mo yọ́ ọ. Ẹnìkan ní omi ewé kan ni, mo sì ro ó sí i. Ọmọ náà ń sunkún, mo sì ń di orí rẹ̀ mú láàárín orúnkún mi. Ní ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, ya isa." Ó tó gẹ́ẹ́. Bí àgbàlagbà ló ṣe sọ ọ́. Mo da ohun tó wà nínú ìkòkò ewé náà nù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi wá lọ́jọ́ Ìsinmi, n kò jáde sí wọn. Ọkùnrin kan dá mi dúró lọ́jà, ó ní òun wà nínú ọgbà zana, òun kò tíì gbọ́ ẹni tó ju ọlọ́rọ̀ yẹn sí kànga. Mo fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ mo sá lọ sílé. Mo kó gbogbo ìwé sábẹ́ ibùsùn, n kò fẹ́ rí wọn mọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀rọ̀ ti ń yọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Ó gbàgbé bí a ti í pe àwọn ọ̀rọ̀ kan, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sín in jẹ. Ó wá dákẹ́ títí tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán kan tí mo ti ọjà dé, mo bá a lórí ẹní, ó ti fa ìwé aláró náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìka rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó gbójú sókè.

"Kí ni ahéré?" ni ó bèèrè.

Mo ṣí ẹnu, mo tún pa á dé. Mo tẹ́ eérú sílẹ̀, mo ya ilé kékeré kan pẹ̀lú òrùlé koríko, mo ya oko yí i ká. Mo wá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ilé tí àgbẹ̀ ń sùn sí lóko. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó mi orí, ó padà sínú ìwé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà á mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, lórí eérú, lórí wàláà, lórí ògiri. Ó ka ìwé mi tán, ó ka ti ìyàwó olùkọ́, ó sì mọ ẹni tó ju ọlọ́rọ̀ náà sí kànga kó tó dé ìdajì. Àwọn ọjọ́ tí mo fi sunkún nítorí rẹ̀ kò dínkù fún ìyẹn. Bí mo bá gbọ́ tí ọmọ ẹlòmíràn ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn láti yàrá kejì, mo máa ń yára jáde kúrò níbẹ̀.

Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó lọ́kọ, ó bímọ. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, á kàwé fún wọn sókè. Ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á wálẹ̀, níbi tí kò yẹ. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìyá ẹlòmíràn kì í kàwé bẹ́ẹ̀.