Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Lọ sí Ìbàdàn

Kò sí ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ tí n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Òkèrèwè bá pẹ́, màá ní, "Ìyá àgbà, ṣé ìlú Ẹdúnàbọ̀n lọ́hùn-ún lo ti fẹsẹ̀ rìn wá ni?" Òun náà á ní, "Àǹtí, ọkọ̀ yín ni mo ń dúró dè o!"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ìyá ọmọ náà ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Wọ́n sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn ni.

"Tísà, ẹ bá wa bò ó títí yóò fi ṣèdánwò tán. Ẹ ṣáà máa bá a ṣàwàdà yín."

Kí ni mo fẹ́ wí? Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Mo ń ṣàwàdà lọ, ẹnu mi korò bí ewúro.

Nígbà tó yá, ọmọ náà dúró dè mí lákòókò ìsinmi.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé màmá mi ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn nílé pé mo ti mọ̀. Bàbá mi á tún máa sunkún."

Mo kàn ti ilẹ̀kùn, mo ní kó sunkún. Ó sì sunkún títí agogo fi lù.

Títí di òní, inú kíláàsì mi nìkan ló ti ń ráyè sunkún. Bó bá délé, á máa bi wọ́n léèrè ìgbà tí màmá òun máa ti Ìbàdàn dé, kí wọ́n má baà fura.