Àga Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Bó bá jẹ́ ẹnu la fi ń jagun ni, Nonomura Tetsuji ì bá ti ṣẹ́gun gbogbo ilẹ̀ Japan. Bíà ló ń fi ọkọ̀ kó káàkiri fún àwọn ilé oúnjẹ ní Amagasaki. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní dárúkọ bíà. Yóò ní oníjà ni òun. Oníjà tí kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí láyé rẹ̀, tí kò lè gun àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kó má máa mí hẹlẹhẹlẹ! Inú géèmù ló ti ń jà.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn ṣá, ó mọ̀ ọ́n jà. Gbọ̀ngán géèmù ló ti dàgbà, kí wọ́n tó sọ gbọ̀ngán náà di ilé ìtajà oògùn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀pá ìdarí po kí oníjà inú ẹ̀rọ tó lè ju iná. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ pé bí ìjà bá parí, ì báà ṣe ìwọ ló ṣubú, o gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí o sì wí pé, “Mo dúpẹ́ ìjà.” Ẹni tí kò bá wí i, ẹranko ni Tetsuji ń pè é.

Nígbà tí géèmù ìjà tuntun dé, tí kálukú ń jókòó sílé bá ẹni tí kò rí jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Tetsuji fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú, ó sì ń bú u láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Màmá Uozumi ló ti ń bú u. Okonomiyaki ni màmá yìí ń tà. Á po kábéèjì gígé mọ́ ìyẹ̀fun, á dín in lórí irin gbígbóná níwájú oníbàárà. Kábéèjì tó ti ń gé láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ti mú kí gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ wú.

“Ẹ wo òógùn tó ń dán lára àwọn oníjà inú rẹ̀,” ni Tetsuji á wí. “Ẹ wo bó ṣe ń fi àṣìṣe ẹni han ẹni níbi ìdánrawò. Géèmù yìí kì í ṣègbè, bí o bá ṣubú, ìwọ lo ṣubú. Ṣùgbọ́n olè ni wọ́n! Mo ra géèmù tán, wọ́n tún ń ta oníjà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá tún gbé Ọ̀nà Ìrọ̀rùn dé. Tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, iná jáde! Ohun tí mo fi gbogbo èwe mi kọ́! Ṣé ìjà nìyẹn, àbí ẹ ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà?”

“Tetsu, jẹun,” ni màmá á dá a lóhùn. “Oúnjẹ rẹ ti ń jóná.”

Ohun kan wà tó kórìíra ju Ọ̀nà Ìrọ̀rùn lọ, àwọn afawáyà ni. Àwọn wọ̀nyí, bí wọ́n bá rí i pé àwọn fẹ́ ṣubú, wọ́n á fa wáyà ẹ̀rọ yọ kí ìjà lè dàrú, kí wọ́n má baà ka ìṣubú náà sí wọn lọ́rùn. Kajitani tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ bí òmùgọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Tetsuji ṣòfin pé àga ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù màmá ni yóò máa jókòó sí, títí afawáyà mìíràn yóò fi wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ibí yìí ń rùn.”

“Ìwà rẹ ló ń rùn. Jókòó!”

Àwọn oníbàárà yòókù rò pé àwàdà ni. Kò ṣàwàdà o.

Nígbà tó yá, ó ku ìjà kan péré kí Tetsuji jẹ oyè Ọ̀gágun, èyí tó ga jù nínú géèmù náà. Ó ti kéde rẹ̀ fún gbogbo òpópónà. Ó ti ní kí màmá wá ẹja tai pupa dè é, èyí tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀. Bí kò bá wá jẹ oyè náà, níbo ni yóò gbé ojú sí?

Ní àárọ̀ Sunday, ẹ̀rọ gbé ẹnì kan tó ń jẹ́ Kábéèjì kò ó. Oní Ọ̀nà Ìrọ̀rùn. Tetsuji bú sẹ́rìn-ín. “Ewébẹ̀!” ló wí fún tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kábéèjì kò sáré. Ó dúró, ó ń wò ó. Bí wọ́n bá gbé Tetsuji ṣubú, fífò ló máa ń fò dìde, ó sì ti fi ẹ̀tàn yìí ṣe fáàrí ní ṣọ́ọ̀bù títí ó fi sú wọn. Ó fò, iná pàdé rẹ̀ lókè. Ó tún fò, iná tún pàdé rẹ̀. Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Ẹ̀mí oníjà rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ronú kan ẹja, ó ronú kan gbogbo ẹni tó ti gbọ́, ó bá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà yọ.

Géèmù kì í bá ẹni tó fa wáyà lẹ́ẹ̀kan péré wí. Nígbà tó ki wáyà bọ̀ ọ́ padà, ẹ̀rọ fún un ní ẹlòmíràn, òpè pátápátá. Tetsuji nà án bí ẹni na aṣọ, ó sì di Ọ̀gágun.

Ní ọ̀sán, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá gbé ẹja kalẹ̀. Ì bá jẹun kó dákẹ́, ṣebí ẹja ti délẹ̀. Kò dákẹ́.

“Òkú ewébẹ̀ kan tilẹ̀ wà láàárọ̀ yìí, Kábéèjì ló ń jẹ́, oní bọ́tìnnì kan! Mo ti fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀, àfi bí iná ṣe lọ.”

“Iná lọ?” ni Kajitani bi í láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. “Ní Amagasaki?”

“Ó lọ fìrí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ògiri kan náà ló pín ilé wa níyà. Mo ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ yìí.”

Irọ́ yẹn ì bá ṣeé gbé mì láwọn ìlú mìíràn. Níbí, bí ìjì ńlá kò bá jà, iná kì í lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Uozumi nu ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ìka wíwú náà lé ara wọn, ó sì tẹrí ba fún Tetsuji.

“Mo dúpẹ́ ìjà.”

Tetsuji wo ìka náà. Ìtìjú bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Màmá… ẹ̀yin ni?”

“Ìka mi kò lè yí ọ̀pá po, Tetsu. Bọ́tìnnì kan ni mo lè tẹ̀. O ròyìn géèmù náà dáadáa débi pé ó wu èmi náà láti ṣe é. Mo ti ń retí ‘Mo dúpẹ́ ìjà’ tìrẹ láti àárọ̀.”

Kajitani dìde, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu àga tó dìde lórí rẹ̀, ó sì gbé àwo rẹ̀ wá síwájú.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ máa bọ̀.”

Ọ̀gágun gbé ẹja rẹ̀, ó lọ jókòó.